Irọ́ ni pé aṣòfin tuntun kò lè ṣe nǹkan kan ní sáà àkọ́kọ́

Sátidé tó kọjá ni mo lọ gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Tákíé, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, a kan àwọn tí a dìbò yàn. Ẹnìkan ń ráhùn pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti búra fún aṣòfin àdúgbò òun, òun ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bọ̀dá kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bá dá a lóhùn: "Ẹ fi í sílẹ̀ ná jàre. Ẹni tuntun ni. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń fi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí níbẹ̀, kò tíì lẹ́nu ọ̀rọ̀ láàárín àwọn àgbà. Ẹ jẹ́ kó fi sáà yìí mọ ọ̀nà. Tí ẹ bá dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó rí iṣẹ́." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń mi orí, àfi bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ ìwàásù.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀." Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ìwọ ti dé Àbújá rí?"

Mo ti dé ibẹ̀. Màá sọ ohun tí mo rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bí mi nínú. Láti 1999 tí ìjọba alágbádá ti padà dé ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti sú mi. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ tó bá wọ LAUTECH, yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá tó wà níbí, lọ́dún tí wọ́n búra fún aṣòfin kan yóò ti ṣe ìdánwò títí, yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìwé ẹ̀rí, kí sáà yẹn tó parí. Kò sí olùkọ́ tó máa sọ fún un pé kó fi ọdún mẹ́rin wá ibi tí kíláàsì wà.

Nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, aṣojú-ṣòfin 360 ló wà l'Ábùjá, sẹ́nétọ̀ jẹ́ 109. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń jókòó ní Agodi, n'Íbàdàn, jẹ́ 32. Ìbò kọ̀ọ̀kan ni olúkúlùkù wọn ní. Ẹni tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ kò ní ìbò méjì. Kò sì síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tuntun kò gbọdọ̀ gbé àbádòfin wá. Lọ́jọ́ tó bá ti búra ni gbogbo irinṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó lè gbé àbádòfin wá, ó lè dá àbá, ó lè gbé ìwé ẹ̀sùn ará ìlú kalẹ̀, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó ń pe àwọn iléeṣẹ́ ìjọba wá dáhùn ìbéèrè.

Àwọn kan á ní ipò àgbà wà níbẹ̀. Ó wà. Tí wọ́n bá fẹ́ yan abẹnugan, wọ́n máa ń wo ẹni tó ti pẹ́ nílé. Ọ̀rọ̀ oyè nìyẹn, kò kan ẹnu tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wo òfin tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Not Too Young To Run, èyí tó dín ọjọ́ orí tí èèyàn gbọ́dọ̀ pé kó tó lè du ipò kù. Ẹni tó gbé e wá sílé aṣojú-ṣòfin ni Tony Nwulu, tó ń ṣojú apá kan Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Èkó. Ọdún 2015 ni wọ́n dìbò yàn án, sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì nìyẹn. Ẹgbẹ́ PDP ló wà, bẹ́ẹ̀ APC ló pọ̀ jù nílé nígbà náà, APC ló ni ààrẹ, APC ló ni abẹnugan. Tí a bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bọ̀dá mi ní Tákíé, kò sẹ́ni tí kò yẹ kó lè ṣe nǹkan kan tó Nwulu: ẹni tuntun ni, alátakò tún ni.

Ohun tó sì fẹ́ tún ṣe kì í ṣe òfin kékeré. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè gan-an ni. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá tíì pé ọgbọ̀n ọdún kò lè du ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tàbí ilé aṣojú-ṣòfin, ẹni tí kò bá sì tíì pé ogójì ọdún kò lè du ipò ààrẹ. Kí wọ́n tó lè yí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì l'Ábùjá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tún gbé e káàkiri ìpínlẹ̀, ilé aṣòfin tí kò dín ní 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ gbà á. Ọ̀pọ̀ àbá àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ló ti kú sójú ọ̀nà yẹn. Ọdún 2016 ni Nwulu gbé tirẹ̀ wá. Ní oṣù Keje 2017, ilé méjèèjì dìbò fún un. Àwọn ìpínlẹ̀ náà dìbò. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2018, Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú. Ọgbọ̀n di 25, ogójì di 35. Kò rí gbogbo ohun tó béèrè gbà, torí ti sẹ́nétọ̀ àti ti gómìnà ṣì dúró sí 35. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á: wọ́n ṣí ilé yẹn ní oṣù Kẹfà 2015, ààrẹ sì buwọ́ lu òfin ní oṣù Karùn-ún 2018. Kò pé ọdún mẹ́ta.

Kò dá a ṣe, mo mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bíi YIAGA ló ń tì í lẹ́yìn, Sẹ́nétọ̀ Abdulaziz Nyako sì gbé e nílé àgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ aṣòfin ṣe rí. Kò sẹ́ni tó ń dá òfin ṣe, ì báà jẹ́ àgbà, ì báà jẹ́ ẹni tó dé lánàá. Lónìí, ní Under G níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kún sí, àwọn ọmọ ọdún 25 àti 26 wà tí wọ́n lè gba fọ́ọ̀mù láti lọ ṣojú wa. Ọpẹ́lọpẹ́ àbádòfin ẹni tuntun kan.

Tí ẹ bá ní ti òde òní nìyẹn, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta 1953, Anthony Enahoro dìde nílé aṣojú-ṣòfin tó wà l'Ékòó nígbà náà, ó dá àbá pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Ọmọ ọdún 29 ni. Kì í ṣe mínísítà. Àbá náà kò yege. Àwọn aṣòfin láti Òkè Ọya ní kí wọ́n yọ 1956 kúrò, kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé nígbà tó bá ti ṣeé ṣe, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti NCNC bá bínú jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí kò sí nípò kankan ṣe mi ilẹ̀: àwọn mínísítà Action Group nínú ìjọba àárín kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí àbá yẹn. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa, wà lára wọn. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pe àwọn olórí wa sí Lọ́ńdọ̀nù láti tún jókòó lórí ìwé òfin. Ní 1957, Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ dá àbá òmìnira, ilé sì gbà á wọlé. Òun kì í ṣe ẹni tuntun mọ́ nígbà yẹn, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìlú tí yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà, kò yẹ kó wà lára àwọn tó ń sọ pé ẹni tí kò bá sí níwájú kò lè ṣe nǹkan kan.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Àbújá tí bọ̀dá mi bi mí. Àǹtí mi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, wọn ò san gbèsè owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọ́fíìsì tó yẹ kó san án, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń sọ fún un pé àwọn ò rí fáìlì rẹ̀. Ó ń wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, ó ń padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ pé ká kọ ìwé ẹ̀sùn sí abẹnugan, ká fọwọ́ sí i, ká so ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ká sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò sí ní kóòtù, torí wọn kì í gba èyí tó bá ti wà níwájú adájọ́. Ohun tó kù ni aṣòfin tó máa gbé e kalẹ̀. Aṣòfin tó gbà á lọ́wọ́ wa, sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń lò. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí n kò bá ẹnikẹ́ni polongo. Ó dìde, ó ka àkọlé ìwé náà, ó gbé e kalẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Tẹlifíṣọ̀n kankan kò gbé e. Wọ́n tari rẹ̀ sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú.

Nígbà tí ọjọ́ pé, èmi ni mo tẹ̀lé àǹtí mi lọ. Mo yọjú sí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n máa ń fi hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n, àga tó ṣófo pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá ìgbìmọ̀ tí a wọ̀, kò sí ibi tí a máa fẹsẹ̀ sí. Àwọn ará ọ́fíìsì yẹn wá, torí ìwé òfin fún ìgbìmọ̀ náà láṣẹ láti fi ìwé àṣẹ pe ẹnikẹ́ni. Fáìlì tí wọ́n ní àwọn ò rí, wọ́n gbé e dání. Aṣòfin tuntun yẹn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta, ó sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Oṣù méje lẹ́yìn náà ni owó wọlé sí àkáǹtì àǹtí mi. Nígbà tó pè mí lórí fóònù, ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ìwé ẹ̀sùn ló ń yọrí báyìí, àbádòfin tí wọ́n ń ka àkọlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí a ò tún gbúròó rẹ̀ mọ́ sì pọ̀. Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, 2011 ló tó di òfin. Ti àwọn àgbà náà ń kú bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀bù náà sọ pé kí aṣòfin má tilẹ̀ sọ̀rọ̀, kó ṣáà gbẹ́ bọ́hóòlù fún wa, kó pín ẹ̀rọ ìlọta. Inú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ń sá pamọ́ sí. Ẹ wo ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti ṣe oníbejì láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, wọ́n ti ṣe é láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin, àárín yìí ló wá ń fa ọdún dé ọdún, àwa la sì ń sin òkú ìjàǹbá ibẹ̀. Aṣòfin kò ní katakata, kò lè da ọ̀dà. Ààrẹ ló ń gbé ètò ìṣúná wá síwájú wọn. Ṣùgbọ́n aṣòfin ló ń dìbò lé owó náà, òun ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pe iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀nà kó bi í pé, owó tí a fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá, kílómítà mélòó lẹ fi ṣe? Ìbéèrè yẹn ni mo ń fẹ́ lẹ́nu ẹni tuntun. Ẹ̀rọ ìlọta ogún kò lè dí kòtò kan lójú ọ̀nà yẹn.

Ẹ má sì sọ fún mi pé Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Abala 55 ìwé òfin ní wọ́n lè lo Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò l'Ábùjá tí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀, abala 97 sì gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè ìbílẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bá fẹnu kò. Kí ó dìde n'Íbàdàn, kó béèrè fún un. Ìyẹn náà, àbá ni.

Òfin fúnra rẹ̀ kò gba kí ẹnikẹ́ni fi sáà kan mọ ọ̀nà. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó lọ́dún kò gbọdọ̀ dín ní 181. Aṣòfin tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó jẹ lọ́dún kan láìnídìí, ìwé òfin ní kó fi àga sílẹ̀. Wọn ò yọ ti ẹni tuntun sílẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá jókòó ni wọ́n ń tẹ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Votes and Proceedings. Ẹni tó gbé àbádòfin wá wà níbẹ̀, ẹni tó dá àbá wà níbẹ̀, ẹni tó gbé ìwé ẹ̀sùn kalẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ṣì ní ẹ̀dà ti ọjọ́ tí wọ́n ka ti àǹtí mi. Lánàá ni mo lọ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ní Sábó, mo fa ìlà sábẹ́ orúkọ aṣòfin náà. Irun mi kò tíì kún, ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ màá padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, màá fún bọ̀dá mi kó kà á fúnra rẹ̀.