Ṣé orí òyìnbó náà ni orí tiwa?

Tíṣà Bódìjà: Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi túmọ̀ "My uncle lost his head when he saw the bill." Ọmọ kan kọ ọ́ pé: "Orí àbúrò bàbá mi sọnù nígbà tó rí owó tí wọ́n ní kó san." Mo fún un ní òdo. Ìyá ẹ̀ wá bá mi láàárọ̀ yìí, ó ní ṣebí orí ni "head", kí lọmọ òun ṣe?

Àkàndé: Tíṣà, ẹ ò jẹ̀bi. Ọpọlọ ni òyìnbó ń pè ní orí níbẹ̀. "Use your head", lo ọpọlọ ẹ. "Lost his head", kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Tiwa ńkọ́? Ohun tí èèyàn yàn látọ̀run ni. Bí wọ́n bá ní orí ẹnìkan sọnù nílé wa, ẹbí ẹ̀ á ti máa wá babaláwo kiri.

Ìyá Ìbejì: Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló yàtọ̀ o. "Put our heads together" ńkọ́, ṣé kì í ṣe ká forí korí ni? "Can't make head or tail of it", àwa náà ń sọ pé ọ̀rọ̀ ò lórí, kò nídìí. "Headstrong", olórí kunkun. Ìyá ìyá mi ò ka ìwé rárá, ta ló kọ́ ọ ní forí korí?

Àti pé ta ló sọ fọ́mọ yẹn pé àbúrò bàbá ni? "Uncle" lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀.

Àkàndé: Èyí tó dọ́gba nìkan lẹ ṣà, Ìyá Ìbejì. Ẹ bá mi túmọ̀ "swollen head". Agbéraga ni lọ́dọ̀ tiwọn. Èmi ńkọ́, bí ìyá mi bá ń kì mí, orí mi á wú, màá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ta ló máa bú mi sí i?

Ìyá Ìbejì: Hmm. Mo gbà fún yín níbẹ̀ yẹn.

Ọmọ Peckham: Tèmi tún wú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹnìkan pariwo "Heads up!" Mo gbórí sókè bí ọmọ tó gbọ́ràn. Páálí bàtà ló já lù mí níwájú orí. Ṣé mo mọ̀ pé "ẹ ṣọ́ra" ló ń wí?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n 😂. Àwọn gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tórí wọn wà. "Head over heels", ẹni tí ìfẹ́ ń pa bí ọtí. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: ṣebí bí gbogbo wa ṣe ń dúró náà nìyẹn, orí lókè, gìgísẹ̀ nísàlẹ̀. "Heels over head" ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó tàkìtì. Láàárín ọdún 1700 sí 1800 ni wọ́n yí i po.

Tíṣà Bódìjà: Ó dáa, mo máa fún ọmọ náà ní ààbọ̀ máàkì, torí "bill" tó túmọ̀ dáadáa. "Head over heels" yìí ni màá fi ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ẹtì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ yáa máa retí ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.