Kì í ṣe òkun iná ló wà lábẹ́ Jos

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tí ẹ kọ sí àwa ọmọ Yorùbá ní Jos: pé òkun iná wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, pé inú rẹ̀ ni àwọn òkúta dúdú ìhín ti ru jáde, kí àwọn tó ń gbẹ́ kànga dẹ̀rọ ṣọ́ra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín in mọ́. Ẹ̀rù ti ń ba àwọn ìyá wa.

Lóòótọ́, gbígbóná ni òkúta dúdú náà, basalt, fi tú jáde. Ṣùgbọ́n òkúta líle ni mantle tó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀. Irú ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ kan wà tí kì í la nǹkan olómi kọjá. Ó ń la mantle kọjá títí dé nǹkan bí 2,900 kìlómítà nísàlẹ̀. Mantle gbóná gan-an, àmọ́ òkúta tó wúwo lé e lórí kò jẹ́ kó yọ́. Bó bá ń rọra gòkè, tí ẹrù orí rẹ̀ ń fúyẹ́, apá díẹ̀ nínú rẹ̀ á yọ́, láìsí pé ooru rẹ̀ pọ̀ sí i. Apá díẹ̀ yẹn gan-an ni kókó: àwọn èròjà tó tètè ń yọ́ ló ń ṣàn lọ, ìdí nìyẹn tí basalt kò fi jọ òkúta tó bí i. Ní Biu, ní ìpínlẹ̀ Borno, ẹ lè rí ègé òkúta mantle aláwọ̀ ewé nínú basalt, èyí tí kò yọ́ pọ̀ mọ́ ọn.

Ti kànga ńkọ́? Ní Kola, ní Rọ́ṣíà, wọ́n gbẹ́ ihò tó jìn tó mítà 12,262. Ooru ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 180°C, òkúta líle ni wọ́n sì bá níbẹ̀.