Bí wọ́n bá ti gba ilé, kí gbèsè tán síbẹ̀

Báǹkì tó bá ti lu ilé onígbèsè ní gbànjo kò gbọdọ̀ tún máa lé e kiri nítorí owó tó ṣẹ́ kù. Ibi tí a dúró sí nìyẹn, a sì ń ké sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkìtì kí wọ́n sọ ọ́ di òfin.

Gbèsè tó ga ju iye ilé lọ ló ń fa àṣẹ́kù yìí. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2008, iye owó ilé ló já wálẹ̀ tí gbèsè fi ga ju iye ilé lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, èlé ló ń fà á. Ẹni tó yáwó ní èlé 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún tí kò rí i san, gbèsè rẹ̀ á ti di ìlọ́po méjì kí ọdún mẹ́ta tó pé. Sọ́gùndogójì ayé àtijọ́ ló wọ aṣọ báǹkì yẹn. Èlé 6 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ti National Housing Fund, àpò owó ilé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, tí òṣìṣẹ́ ń dá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ̀ ẹ́ kò pọ̀. Ẹni tó sì kọ́lé sí Òmùò tàbí Ìjerò kò ra símẹ́ńtì àti irin lówó tó kéré sí ti ará Èkó. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á, ta ni yóò rà á? Ọmọ ìlú fẹ́ kọ́ tirẹ̀ sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá lónìí, kó má sá fún báǹkì. Kó tètè lọ bá wọn kó tó jẹ gbèsè oṣù púpọ̀ sílẹ̀, kó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fa ọdún sísan gùn, kí wọ́n sì dá èlé dúró fúngbà díẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kó fi apá kan ilé náà háyà. Bí títà bá di dandan, kó gba ìyọ̀ǹda báǹkì, kó tà á fúnra rẹ̀, torí owó tí olúwa ilé máa ń rí sábà máa ń ju ti gbànjo lọ. Bó bá sì fẹ́ fi ilé lé wọn lọ́wọ́, kó gba ìwé tó sọ pé gbèsè ti parí. Láìsí ìwé yẹn, òfò méjì ni: ilé á lọ, owó tó kù á sì dúró sí i lọ́rùn. Láti oṣù Kẹjọ 2020, Báǹkì Àpapọ̀ ti gba báǹkì láàyè láti fa owó onígbèsè nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì mìíràn.

Òfin tí Èkìtì jogún látọ̀dọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ti 1959, fún ayánilówó lágbára láti ta ohun ìdógò lẹ́yìn ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta. Ilé ẹjọ́ kò sì ní torí pé owó náà kéré nìkan fagi lé títà ọ̀hún, àfi bí ẹ̀tàn bá wà níbẹ̀. Ohun tó ń dùn wá jù nìyẹn. Ilé tí tọkọtaya fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ́ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì lówó yẹpẹrẹ, kó sì jẹ́ àwọn náà ni yóò san àlàfo rẹ̀.

Àwọn báǹkì lè sọ pé bí gbèsè bá ń parí báyìí, kò sẹ́ni tí yóò sanwó mọ́. A kò gbà. Ní California, ẹni tó yá owó ra ilé tó ń gbé kì í jẹ gbèsè àṣẹ́kù bí wọ́n bá gba ilé náà, báǹkì ibẹ̀ ò sì yéé yáni lówó. Ta ló sì máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ilé tó kọ́ sílùú rẹ̀ ní Èkìtì?

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ báǹkì wà lọ́wọ́ Àbújá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìdógò rẹ̀ wà níkàáwọ́ ìpínlẹ̀. Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2010. Kí òfin Èkìtì kan ilé tí ènìyàn ń gbé nìkan, kì í ṣe ilé ìtajà. Kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú onílàjà kí gbànjo tó wáyé. Kí ẹni tó ń díyelé ilé, tí kì í ṣe ti báǹkì, dá iye tí a kò gbọdọ̀ tà á kéré sí, kí olúwa ilé sì rí ẹ̀dà ìwé ìdíyelé náà gbà kí ọjọ́ títà tó pé.