Iná Kú, Ó Feérú Bojú

Ní oṣù kẹrin tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ṣágámù bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, rédíò awakọ̀ sì mẹ́nu ba àwọn ọmọbìnrin Chibok tí wọn kò tíì padà délé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó níwájú mi pòṣé, ó ní kò sí ẹni tí ó jí ọmọ kankan gbé, pé àwọn olóṣèlú ló hùmọ̀ rẹ̀ láti fi gba ìjọba lọ́wọ́ Jonathan. Èrò mẹ́ta rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo dá a lóhùn, èsì tí ó sì fún mi ni pé, "Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn."

Àwọn àgbà ní iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹni tí ó ti dáná rí, tí ó sì ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí, kò nílò ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ àti àrólé la sábà máa ń fi òwe náà sọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ìṣọ̀kan tí orílẹ̀-èdè yìí máa ń ní lọ́jọ́ ìbànújẹ́ ni mo ń fi í wọ̀n.

Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Boko Haram ya wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin ní Chibok, ìpínlẹ̀ Borno, tí wọ́n kó ọmọ 276 lọ. Àwọn 57 já mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí oṣù náà tó parí, Oby Ezekwesili, Kìrìsìtẹ́nì ọmọ Ìgbò, àti Hadiza Bala Usman, Mùsùlùmí ará Òkè Ọya, ti jọ wà ní ìgboro Abuja, tí wọ́n ń béèrè àwọn ọmọ náà. Ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá tí ń ta ìkọ́kọrẹ́, tí kò mọ ọ̀nà Borno, so aṣọ pupa, àmì àwọn tí ń béèrè ọmọ náà, mọ́ agboòrùn rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún àwọn ọmọ náà ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n tún gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe.

Àfi bí ìdìbò ọdún 2015 ṣe dé. Ẹni tí ó fẹ́ Jonathan ní irọ́ ni, ẹni tí ó fẹ́ Buhari sì sọ omijé olómijé di ìpolongo ìbò. Nígbà tí Buhari wọlé tán, àwọn obìnrin kan náà ṣì ń jókòó ní Unity Fountain l'Abuja, ibi tí wọ́n fi orúkọ ìṣọ̀kan sọ, àwọn tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn lánàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní ọ̀tá ìjọba. Ọmọ 21 padà ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, 82 tún padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ayọ̀ náà gan-an sì di àríyànjiyàn. Nígbà tí wọ́n fi máa jí ọmọ iléèwé 110 kó ní Dapchi, ìpínlẹ̀ Yobe, ní oṣù kejì ọdún 2018, ìyá oníkọ́kọrẹ́ ṣì wà lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ pupa níbẹ̀ mọ́. N kò bá a wí. Aṣọ mélòó ni èèyàn fẹ́ so?

Ẹ má sọ fún mi pé bí ọmọ aráyé ṣe rí nìyẹn. Ní oṣù keje ọdún 2014 kan náà ni Patrick Sawyer, ará Liberia, gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer kò ní jáde ní ilé ìwòsàn, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ètò tí wọ́n ti fi ń gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni wọ́n yí sí Ebola, wọ́n wá àwọn tí ó súnmọ́ aláìsàn rí, nǹkan bí 900, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Ènìyàn 20 ló kó o, 8 ló kú, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyẹn: iṣẹ́ kan kásẹ̀ nílẹ̀, ó fi òmíràn rọ́pò. Ti Chibok, ẹkún nìkan la gbé lé e lọ́wọ́, ẹkún sì máa ń rẹni.

Òwe mìíràn ló wá ń dún sí mi létí: ẹni tí ó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ó lé ní 80 ọmọ tí a kò tíì rí. Òbí mélòó kan ti kú láì fojú kan ọmọ wọn. Ṣé àwa Ìjẹ̀bú ni a óò sọ pé a kò mọ ìrántí í ṣe? Ayẹyẹ Ojúde Ọba wa ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà tí ó wàjà ní ọdún 2025 sì sọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, jí títí tí gbogbo ayé fi ń wá wò ó. Ẹ mọ oṣù tí aṣọ ẹgbẹ́ yín yóò dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Ẹ mọ iye ẹṣin tí ìdílé kọ̀ọ̀kan gùn lésìí. Iye ọmọ tí kò padà délé nìkan ni kò yé yín.

Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì sọ fún wọn, torí ẹni tí ó pé ogún ọdún lónìí kò tíì gbọ́n lọ́dún 2014, fóònù ni yóò sì sọ tirẹ̀ fún un bí ẹ̀yin bá dákẹ́. Ẹni tí ó bá sì tún fẹ́ fi àwọn ọmọ Chibok rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá wọ̀, kó yáa sọ̀ kalẹ̀ ní Odògbólú.