Ẹ̀rọ lésà nìkan kọ́ o
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin akọ̀ròyìn. Ohun tí ẹ kọ nípa Dókítà Patricia Bath, dókítà ojú ará Amẹ́ríkà, dáa, àmọ́ ẹ̀rọ lésà tó hùmọ̀ láti fi yọ cataract (ìyẹn kí dígí inú ojú ṣú), tó gbàwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dún 1988, nìkan lẹ tẹnu mọ́. Ohun tó ṣe ṣáájú ìyẹn ló wú èmi lórí jù. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní New York, ó rí i pé àwọn tí ojú wọn fọ́ pọ̀ lọ súà nílé ìwòsàn Harlem, àdúgbò tí wọ́n bí i sí, wọn ò sì tó nǹkan nílé ìwòsàn ojú ti Yunifásítì Columbia. Ó bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ títí wọ́n fi wá ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú ní Harlem lọ́fẹ̀ẹ́.

Glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, tó sì sábà máa ń kọ́kọ́ mú ìríran ẹ̀gbẹ́ lọ, wà lára ohun tó ń fọ́ wọn lójú. Cataract, wọ́n lè yọ dígí inú ojú tó ti ṣú, kí wọ́n fi tuntun sí i. Glaucoma kì í dá ohun tó bá jẹ padà. Bàbá mi ń ka ìwé ìròyìn geere, síbẹ̀ èjìká wọn ń gbá férémù ilẹ̀kùn lójoojúmọ́. A ní ogbó ni. Kí dókítà tó yẹ ojú wọn wò, tòsì ti lọ pátá. Alaalẹ́ ni mo ń kán oògùn sí tọ̀tún báyìí. Á ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á ní kí n tún un kán.

Torí pé ó máa ń rìn nínú ìdílé, èmi àti àbúrò mi ti lọ yẹjú wò. Ẹ̀gbọ́n wa ló ṣì ń sọ pé òun ń ríran.