Àwọn tó ń gbé inú igbó kọ́ ló ń pa igbó

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí wọ́n bá ti kó àwọn tó ń gbé inú igbó kúrò, igbó á bọ̀ sípò. Àwọn Adivasi, ìyẹn àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ìbílẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n ń sọ ọ́ mọ́ jù. Kì í ṣòótọ́ rárá.

Ẹ wo Mendha Lekha, abúlé àwọn Gond, ẹ̀yà kan lára àwọn Adivasi, ní Gadchiroli, ìpínlẹ̀ Maharashtra. Ọparun kún igbó wọn bámúbámú. Lábẹ́ òfin igbó ọdún 1927, igi ni wọ́n ka ọparun sí, ìjọba ló sì ni igi. Ilé iṣẹ́ bébà lè gbàṣẹ kó gé e, ṣùgbọ́n ọmọ abúlé tó bá gé e tà ti di olè nínú igbó baba rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ igbó ti ọdún 2006 ló ka ọparun mọ́ oyin àti ewé tendu tí wọ́n fi ń wé sìgá, pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ni ín. Lọ́dún 2009, abúlé náà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí nǹkan bíi hẹ́kítà 1,800. Síbẹ̀, ọdún 2011, tí mínísítà ọ̀rọ̀ àyíká, Jairam Ramesh, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, ni wọ́n tó rí ìwé tí wọ́n á fi máa kó ọparun wọn jáde gbà.

Ṣé wọ́n wá gé igbó náà run? Rárá o. Tọkùnrin tobìnrin ló ń jókòó ìpàdé, wọn kì í sì í fẹnu ọ̀rọ̀ jóná títí gbogbo wọn á fi gbà. Ẹ gbọ́ ti oyin: tẹ́lẹ̀, iná ni wọ́n fi ń lé e, oyin á sì kú lọ rẹpẹtẹ. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn. Ní báyìí, apá tí oyin wà nìkan ni wọ́n ń gé nínú afárá. Wọ́n á fi apá tí ọmọ wà sílẹ̀, kí kòkòrò oyin má bàa run.

Àwọn kan ní òfin ẹ̀tọ́ igbó ti 2006 yìí ń pín igbó fẹ́nikẹ́ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń dáko níbẹ̀ ṣáájú December 13, 2005 nìkan ló lè béèrè ilẹ̀ oko. Kò gbọdọ̀ ju hẹ́kítà 4, kò ṣeé tà, orúkọ tọkọtaya ló sì ń wà lórí ìwé rẹ̀.

Ní òkè Biligiri Rangaswamy Temple (BRT), ní ìpínlẹ̀ Karnataka, àwọn Soliga, ẹ̀yà Adivasi mìíràn, gba ẹ̀tọ́ wọn lọ́dún 2011 nínú igbó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún táígà, ẹkùn onílà. Ìgbà tí wọ́n kà á lọ́dún 2014, táígà ibẹ̀ ti pọ̀ sí i dáadáa ju ti 2010 lọ. Àwọn Soliga kò sì yéé sọ ọ́ pé ìgbà tí ìjọba ní káwọn má fi iná díẹ̀díẹ̀ jó ewé gbígbẹ mọ́ ni lantana, ewéko àjèjì, gba abẹ́ igbó kan.

Ìgbàgbọ́ yìí ti fẹ́ sọ èèyàn di aláìnílé rí. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà pàṣẹ kí wọ́n lé àwọn tí wọn ò gba ìbéèrè wọn lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ igbó kúrò nínú igbó, ìdílé tó lé ní mílíọ̀nù kan. Kí oṣù náà tó parí, ilé ẹjọ́ kan náà dá àṣẹ ọ̀hún dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn nígbà náà, ẹnikẹ́ni ò tíì fún wọn ní lẹ́tà pé wọ́n kọ ìbéèrè wọn, áḿbọ̀ǹtórí ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́.