Ẹ Yé Parọ́ Fáwọn Èèyàn Pé Ihò Ojú Ń Padé

Ó ti tó gẹ́ẹ́. Kò sí ọjà téèyàn wọ̀ báyìí, kò sí fóònù téèyàn ṣí, tí kò ní bá ẹni tó ń ta ìpara tó máa pa ihò ojú, ìyẹn àwọn ihò kéékèèké tó wà lára awọ ojú, dé lọ́jọ́ méje pàdé. Irọ́ tó jìnnà sóòótọ́ ni, ó sì ń ba ojú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Àwọn ihò wínníwínní ojú kò ní iṣan kankan tó lè ṣí wọn tàbí pa wọ́n dé. Ẹnu ibi tí irun ara ń gbà hù ni wọ́n, ibẹ̀ náà ni ọ̀rá ara ń gbà jáde. Ẹni tó bá jogún ojú ọlọ́ràá látọ̀dọ̀ òbí rẹ̀, ihò tirẹ̀ á máa hàn ju ti ẹlòmíì lọ. Tí ọ̀rá àti òkú awọ bá dí sínú ihò náà, á fẹ̀ sí i. Tí ọjọ́ orí bá sì ń lọ, tí oòrùn ti jẹ awọ, ohun tó ń mú awọ le á dẹ̀, ẹnu ihò á wá máa hàn kedere. Ohun tá a lè ṣe ò ju pé kó má hàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ṣèlérí ju ìyẹn lọ, owó yín ló ń wò.

Ẹ gbọ́ ti ọsàn wẹ́wẹ́ àti baking soda ná. Wọ́n á ní kí ẹ fún ọsàn sórí baking soda ṣíbí kan, á hó, á rú sókè, wọ́n á ní híhó yẹn ló ń fọ inú ihò ojú. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde o! Méjèèjì ń pa agbára ara wọn ni, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú wọn lẹ sì ń fi pa ojú. Awọ ojú wà ní nǹkan bíi 5 lórí ìwọ̀n pH (òun ni wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni kíkan ṣe pọ̀ tó), omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní nǹkan bíi 2, baking soda sì lé ní 8. Kò sí èyí tó bá awọ lára mu níbẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni pé tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá ṣẹ́ kù lójú, tí oòrùn sì pa á, ó lè jó ojú débi pé á lé, á gbomi, àpá dúdú tó bá fi sílẹ̀ á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ta ló máa wá san owó ìtọ́jú ìyẹn?

Dída aṣọ borí lórí omi gbígbóná ń mú kí ọ̀rá rọ̀ díẹ̀ ni, kò ṣí nǹkan kan. Omi yìnyín ń mú kí ojú tó wú fà fúngbà díẹ̀, ó parí. Ọṣẹ ìfọyín, ẹ fi sílẹ̀ fún eyín.

Àmọ́ àwọn tó ń po ìpara sínú ike funfun tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára ló ń bí wa nínú jù lọ. Clobetasol wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Oògùn ni clobetasol, sítẹ́rọ́ọ̀dù tó lágbára gan-an, dókítà ló ń fún ẹni tó ní àrùn ara, fún ìwọ̀nba ọjọ́, kì í sì í sábà fẹ́ kó kan ojú rárá. Ẹni tó bá fi í pa ojú á rí i láàárín ọjọ́ díẹ̀ pé irorẹ́ rọlẹ̀, ojú mọ́, ihò bí ẹni fà. Ìgbà yẹn lẹni tó tà á máa ya fọ́tò rẹ̀ tí á fi polówó. Kò ní padà wá ya fọ́tò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta o, nígbà tí awọ bá ti fẹ́lẹ́, tí iṣan pupa wínníwínní ń hàn lẹ́rẹ̀kẹ́, tí irun ń hù níbi tí kò yẹ, tí irorẹ́ sì bo gbogbo ojú. Sítẹ́rọ́ọ̀dù ti jẹ ohun tó ń gbé awọ dúró tán, nítorí náà ihò tí wọ́n ní àwọn fẹ́ pa dé tún wá hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá tún bu hydroquinone, èròjà tó ń bó àwọ̀, sí i, kò sẹ́ni tó mọ iye tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ NAFDAC ò gbà kó kọjá 2%. Ọ̀daràn ni wá torí pé a béèrè ohun tó wà nínú ike?

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ wà, àmọ́ kò yá kánkán, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fẹ́ polówó rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú omi tí kò gbóná, kí ẹ sì fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, kì í ṣe kànìnkànìn. Ẹni tó ń fi ọṣẹ dúdú fọ ojú lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí ọ̀rá ń gbẹ ojú ni, ojú gbígbẹ tó ń ta kì í sì í ṣe ihò lóore. Salicylic acid 2% máa ń wọ inú ọ̀rá, ó ń tú ohun tó dí ihò. Alẹ́ méjì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Lẹ́yìn bí oṣù kan tí ojú ti gbà á, adapalene 0.1%, oògùn irorẹ́ tí wọ́n ń fi pa ojú, lè tẹ̀ lé e, ní alẹ́ tí ẹ ò lo èkíní. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, lórí ojú tó ti gbẹ dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ìpara tí kò ń dí ihò lé e. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: wọ́n á bu púpọ̀, wọ́n á lò ó lójoojúmọ́, ojú á bó, á dúdú, wọ́n á ní oògùn náà ò dáa. Lára awọ dúdú, ohun tó bá ta ojú ló ń fi àpá sílẹ̀. Aláboyún àti ẹni tó ń wá oyún ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan adapalene tàbí tretinoin, oògùn tó jọ ọ́.

Láàárọ̀, niacinamide 4% tàbí 5% (ẹ̀yà fítámì B3 tí wọ́n ń pò sínú ìpara), lẹ́yìn náà sunscreen, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, tí SPF (ìwọ̀n ààbò) ara rẹ̀ jẹ́ 30 ó kéré tán, gígùn ìka méjì fún ojú àti ọrùn. Ẹni tó bá wà nínú oòrùn á tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Ẹni tó ń sọ pé aláwọ̀ dúdú ò nílò rẹ̀, ṣé oòrùn ń yan àwọ̀ tó máa jẹ ni? Ẹ dákun, ẹ má fi òróró àgbọn pa ojú ọlọ́ràá, ẹ má sì sùn pẹ̀lú àtíkè lójú. Ọ̀sẹ̀ méjìlá lẹ máa fún gbogbo ìtọ́jú yìí kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Tí ẹ bá pa á tì, ọ̀rá á tún dí ihò, nítorí ara kì í dáwọ́ ọ̀rá dúró.

Bébà alálẹ̀mọ́ tí wọ́n ń fi sí imú ń fa ọ̀rá orí ihò jáde, àmọ́ láàárín bí oṣù kan ó ti tún kún. Èyí tí wọ́n ń fi èékánná fún ní sàlúùnù ń dá egbò sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé kòtò tí irorẹ́ fi sílẹ̀ lẹ ń pè ní ihò ojú, kò sí ìpara kankan tó máa dí i, dókítà awọ ara lẹ máa lọ rí.

Ẹni tó ti ń lo ìpara inú ike yẹn fún oṣù díẹ̀, kó má ṣe dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà fúnra rẹ̀, nítorí ojú lè wú, kó pọ́n, kó máa jó o. Kó gbé ike náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, kó jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó ń lò.